Àwọn Tó Ń Gbin Àrùn ní Mowe

Ìyá kan ni oko rẹ̀ bá tiwa pààlà lẹ́yìn Mowe, níbi tí ilẹ̀ ti ń dagẹ̀rẹ̀ lọ sí ọ̀nà Ọ̀fádà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń ti ìdí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ bọ̀, ó gbójú sókè, ó sì rí mi láàárín àgbàdo wa, mò ń fà á tu. Kì í ṣe èyí tó ti rọ ni mò ń fà tu. Àwọn tó tutù yọ̀yọ̀ ni, àwọn tí ewé wọn ń dán, tí kò sí àmì kankan lára wọn. Bí mo bá ti fa ọ̀kan, màá jù ú sójú poro. Àwọn tí nǹkan pupa ti ta sí lára ewé bí irin tó dípẹtà, mò ń fi wọ́n sílẹ̀ lórí ìdúró.

Ìyá náà sọ apẹ̀rẹ̀ orí rẹ̀ kalẹ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Ẹ gbà mí o! Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tí o fi ń pa èyí tó dára? Ta ló rán ọ?"

Mo kúnlẹ̀ kí i níbi tí mo wà. "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà wá sí nìyí."

"Iṣẹ́ wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Èyí tára rẹ̀ le, ẹ pa á. Èyí tó ń ṣàìsàn, ẹ dá a sí. Àrùn lẹ wá ń gbìn sórí ilẹ̀ wa!"

Kí n tó dìde, ó ti gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ti kọrí sí ilé Baálẹ̀.

Mi ò lè dá a lẹ́bi. Ẹnikẹ́ni tó bá rí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí kò mọ ohun tí à ń wá, irú ojú tí ìyá náà fi wò mí ni yóò fi wò mí. Èmi alára, nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ẹnu iṣẹ́ náà, ọkàn mi máa ń gbọgbẹ́ bí mo bá ń fa àgbàdo tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tu.

Apá ìparí àwọn ọdún 1980 ni mò ń wí yìí. Mi ò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé jáde nínú ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n sì gbà mí sí ẹ̀ka kan tó ń ṣe ìwádìí irúgbìn. Ilé bàbá mi wà ní Ìfọ̀. Nítorí pé Ìfọ̀ jìnnà sí oko, mo gba yàrá kan ní Mowe, kò jìnnà sí ọ̀nà márosẹ̀, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, mo di ará ilé bàbá mi. Àwọn tí a jọ yá ilé gbé, ará Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ni wọ́n pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n wá ṣiṣẹ́ ọwọ́. Kápẹ́ńtà kan wà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ó bi mí léèrè iṣẹ́ mi, mo ní àgbàdo tí ìpẹtà, àrùn pupa tó ń ba ewé jẹ́, kò ní lè pa ni mò ń wá.

"Àǹtí, tí ẹ bá ti rí oògùn rẹ̀, ẹ bá mi mú ìgò kan wá fún bàbá mi nílé."

"Kì í ṣe oògùn."

"Ajílẹ̀ ni?"

"Kì í ṣe ajílẹ̀."

"Kí ló wá kù?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń há mi lẹ́nu. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé ọmọ tára rẹ̀ le ju ti bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ ni mò ń wá, pé ìgbéyàwó láàárín àgbàdo àti àgbàdo ni iṣẹ́ mi?

Àsìkò náà dára fún ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ àgbàdo. Ìjọba ti fòfin de kíkó àlìkámà wọlé láti òkè òkun. Búrẹ́dì wọ́n, ó tún kéré. Àwọn tó ń lọ ìyẹ̀fun ń wá àgbàdo, àwọn tó ń pọn ọtí ń wá a, àwọn tó ń sin adìẹ náà ń wá a. Ẹni tí kò fọwọ́ kan ọkọ́ rí ní Ìbafo àti Mowe ti ń wá ilẹ̀ tí yóò fi gbin àgbàdo.

Àmọ́ ìlú tí wọ́n bá ti gbin àgbàdo púpọ̀, ìpẹtà náà a gbilẹ̀ níbẹ̀. Bí ó ti ń rí nìyí: ní ọjọ́ kan, wàá rí àmì kéékèèké lára ewé, kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Láìpẹ́ àwọn àmì náà a wú, wọn a bẹ́, lẹ́búlẹ́bú pupa a máa jáde nínú wọn. Bí o bá fi ìka nù ún, ìka rẹ a pọ́n. Atẹ́gùn ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú yẹn láti oko dé oko. Ewé tó bá bo pátá kò lè bọ́ igi rẹ̀ mọ́, àgbàdo a gbẹ lórí ìdúró láìgbó, ọmọ rẹ̀ a rí tín-ín-rín bí ìka ọwọ́.

Bàbá mi mọ̀ ọ́n kí n tó mọ̀ ọ́n. Bíríkìlà ni gbogbo Ìfọ̀ mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n inú oko ni wọ́n bí i sí, ní apá Ọ̀ṣun. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, ìpẹtà wọ abúlé àwọn lọ́dún kan tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹni tó bá gba àárín oko kọjá, aṣọ rẹ̀ a pọ́n. Àwọn kan ní èpè ni, àwọn kan ní wọ́n ṣẹ ilẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìkórè, hóró tó wà lára ṣùkù rí bí eyín arúgbó, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Kò sí ẹ̀kọ mímu nílé wọn lọ́dún yẹn. Bàbá mi di ẹrù rẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ bíríkìlà, kò sì padà sídìí oko mọ́.

Nígbà tí mo délé pẹ̀lú ìròyìn iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi, oúnjẹ ló ń jẹ. Ó dá ọwọ́ dúró.

"Ìpẹtà yẹn ṣì wà?"

"Ó wà, Bàbá."

"Ìwọ ni wọ́n wá ní kí o lọ bá a jà?"

"Èmi àti àwọn mìíràn ni."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó ń wo ògiri bóyá ó gún. "Ó dáa," ló wí, ó sì ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Àmọ́ nígbà tí mo tún wálé, màmá mi sọ fún mi pé láti ìgbà náà ni kò ti sí alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kan tí kò tíì gbọ́ pé ọmọ òun ló ń bá ìjọba lé ìpẹtà.

Ọ̀gá wa lẹ́nu iṣẹ́, ọkùnrin Ọ̀yọ́ tó ti ń wewú, kì í ṣe àgbàdo ló kọ́kọ́ kọ́. Ìpẹtà àlìkámà ló lọ kọ́ ní òkè òkun. Ọ̀sán ọjọ́ kan lábẹ́ igi ọsàn tí a máa ń sinmi sí, ó sọ fún wa pé lọ́hùn-ún, àwọn ọ̀mọ̀wé a mú àlìkámà jáde tí ìpẹtà kò lè fọwọ́ kàn rárá. Gbogbo àgbẹ̀ a sì dà sórí ẹ̀ kan náà. Kò ní ju ọdún mélòó kan lọ, ìpẹtà mìíràn a jáde tó mọ ojú rẹ̀, gbogbo oko a sì jó mọ́lẹ̀ láàárín àsìkò kan.

"Ẹ sọ fún mi," ló wí, "kí ló fà á?"

Òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn.

"Ohun kan ṣoṣo ló ń gbà á là. Ìjà rẹ̀ wà lórí ohun kan. Ìpẹtà sì ń bímọ lọ́pọ̀ yanturu, ó pẹ́ ni ó yá ni, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ a rí ọ̀nà gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àlìkámà àtijọ́ kan wà tí ìpẹtà máa ń ta sí lára lọ́dọọdún, tí kò sì pa wọ́n rí. Oríṣiríṣi nǹkan kéékèèké ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́, kò sí èyí tó lágbára lóun nìkan. Irú ẹ̀ ni mo fẹ́ nínú àgbàdo. Mi ò fẹ́ èyí tí kò ní àmì. Mo fẹ́ èyí tó ní àmì tí kò sì ṣubú."

Ìdí tó fi yan ẹ̀yìn Mowe nìyẹn. Ilẹ̀ náà ń mú omi dúró, ìrì rẹ̀ kì í tètè gbẹ, ìpẹtà sì fẹ́ràn ewé tútù bí eku ṣe fẹ́ràn ẹ̀pà. Ibi tí ẹlòmíràn ń sá fún, òun ló wá sí. A tilẹ̀ gbin àgbàdo kan tó máa ń tètè kó ìpẹtà yí oko ká, kí ó lè máa pín in fún àwọn tó wà láàárín. Tí oòrùn bá ń rọ̀, a ó gbọn lẹ́búlẹ́bú ewé tó ń ṣàìsàn sínú omi, a ó máa wọ́n ọn sí àárín ewé àgbàdo kéékèèké ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá ní àmì kankan lẹ́yìn gbogbo èyí, a ó fà á tu kí orí rẹ̀ tó yọ òdòdó. Èyí tó bá bò mọ́lẹ̀ pátá, a ó fà á tu. Àwọn tó wà láàárín méjèèjì là ń fẹ́.

Ohun tí ìyá ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ náà rí nìyẹn.

Baálẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá wa ti lọ sí Ìbàdàn fún ìpàdé, èmi ni mo dàgbà jù nínú àwọn tó kù lẹ́nu iṣẹ́, èmi ni mo sì lọ. Àwọn àgbà ọkùnrin jókòó sórí bẹ́ńṣì, ìyá náà jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn yí ká.

"Ọmọ mi," Baálẹ̀ wí, "wọ́n ní ẹ ń gbin àrùn."

"Kí ẹ pẹ́ fún wa, Baálẹ̀, a kò mú un wá. Ó ti wà níbí kí á tó dé. Atẹ́gùn ló ń gbé e kiri. Màmá alára mọ̀ pé ó ń mú àgbàdo àwọn."

Ìyá náà sọ̀rọ̀ láìwojú mi. "Ọdọọdún ló ń mú un. Ìyẹn ni mo ṣe ń bínú."

"Ó yẹ kí ẹ bínú, Màmá. Àwọn tí mo fà tu yẹn, wọ́n lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ló ń dáàbò bò wọ́n. Lọ́jọ́ tí ìpẹtà bá mọ̀dí ohun kan yẹn, oko lódindi ló lọ. Àwọn tí mo fi sílẹ̀, ìpẹtà ń bá wọn jà, àwọn náà ń bá a jà. Ó ń gba ewé díẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kò rí ọmọ gbà lọ́wọ́ wọn. Irú-ọmọ wọn ni a fẹ́ kó fún yín."

"Tí kò bá wá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?" ìyá náà bi mí.

Mi ò ro ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, ó kàn bọ́ lẹ́nu mi ni. "Ẹ fún mi ní igun kan nínú oko yín, Màmá. Ní àkọ́rọ̀ òjò tó ń bọ̀, màá gbin tiwa sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa wò ó, ẹ̀yin ni kí ẹ sì kórè rẹ̀."

Baálẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó bá lè gbin nǹkan rẹ̀ sínú oko ẹni tó pè é lẹ́jọ́, ó dá nǹkan náà lójú. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kó tó dìde ó sọ ibi tí igun náà wà fún mi.

Nígbà tí ọ̀gá wa dé tó gbọ́, ó ní, "Ta ló fún ọ láṣẹ láti ṣèlérí irúgbìn tí a kò tíì rí?" Ó gbìyànjú láti le ojú, kò lè le é tán. Ó ní ó dáa, pé bí ọ̀rọ̀ ti rí yìí, a máa níláti rí i ni.

A sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ náà rí lè rò pé ìwé la fi ń ṣe é. Ẹsẹ̀ la fi ń ṣe é, àti ojú. Ní àsìkò tí àgbàdo bá ń yọ òdòdó, a ó fi báàgì pépà bo orí èyí tí a yàn, a ó fi báàgì mìíràn bo ọmọ rẹ̀ kí irun rẹ̀ tó yọ, kí atẹ́gùn má baà gbé e fún ọkọ tí a kò yàn. Láàárọ̀, nígbà tí ìrì bá ti ń gbẹ, a ó gbọn lẹ́búlẹ́bú òdòdó orí ọ̀kan sínú báàgì, a ó gbé e lọ dà sórí irun ọmọ òmíràn. Ọrùn a máa yún wá, a ó máa sín. Àwọn tó ń lọ sí àgọ́ àdúrà ní ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ a máa ṣìnà kọjá lọ́dọ̀ wa nígbà mìíràn. Ìyá kan nínú wọn dúró wò wá títí, ó wá ní, "Ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí àgbàdo yín fi dé fìlà?" Mo ní wọ́n ń ṣègbéyàwó ni, Ma. Ó gbàdúrà fún wọn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìṣòro tó gba àsìkò jù ni ti hóró. Àwọn àgbàdo tó ń bá ìpẹtà jà dáadáa, tí òmíràn nínú wọn wá láti ilẹ̀ òkèèrè, hóró wọn pọ́n bí ẹyìn, ó sì le. Ta ló máa fi èyí ṣe ògì ní Owódé tàbí ní Ìfọ̀? A níláti so wọ́n pọ̀ mọ́ funfun tiwa, ká sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, nítorí tí hóró bá ti funfun, ìjà ara rẹ̀ a dínkù, tí ìjà ara rẹ̀ bá le, hóró a tún pọ́n. Èrò wa ni pé ká gbìn, ká yàn, ká so pọ̀, ká tún gbìn. Tòjò tẹ̀ẹ̀rùn ni, nítorí pé a máa ń bomi rin ín nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Mo gbin igun oko ìyá náà gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣèlérí. Ní àkọ́kọ́, tiwa sàn ju tirẹ̀ lọ díẹ̀. Ó yà á, ó bó o, ó wò ó.

"Kò burú," ló wí. "Ó kù díẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Ó kù díẹ̀. Inú mi ṣì dùn délé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pe ọ̀gá wa sí Òkè Ọya. Ìjọba fẹ́ kí wọ́n gbin àlìkámà púpọ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n sì ń wá ẹni tó mọ ìpẹtà rẹ̀. Ó pè mí sábẹ́ igi ọsàn.

"Mo lè mú ọ dání. Wọ́n máa fún ọ ní ilé, ipò rẹ yóò gòkè. Rò ó."

Mo gbé e lọ sí Ìfọ̀. Màmá mi ní kí n lọ. Bàbá mi kò sọ pé kí n lọ, kò sọ pé kí n má lọ. Ó kàn bi mí pé, "Tí gbogbo yín bá lọ, ta ló ń dúró ti èyí tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀?" Mi ò rí ẹni kan dárúkọ. Nígbà tí mo padà, mo sọ fún ọ̀gá wa pé, "Sà, ẹ jẹ́ kí n dúró."

Ó mi orí. "Ohun tí mo ń retí kí o sọ nìyẹn. Mi ò kàn lẹ́nu láti bẹ̀ ọ́." Ó na ọwọ́ sí oko náà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. "Ó di tìrẹ."

Ẹni tó gba ipò rẹ̀ kò dàgbà jù mí lọ púpọ̀. Ọlọ́yàyà ni, ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀, kò sì burú lọ́kàn. Ó mú àgbàdo kan dání láti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, funfun báláú, ewé rẹ̀ mọ́ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ìpẹtà kò ta sí i rárá. Ó gba àárín oko mi kọjá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé, ó wo àwọn ewé alámì, ó fi ọwọ́ gbọn ṣòkòtò rẹ̀.

"Àlejò ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta," ló wí. "Oko yìí máa dójú tì wá. Ǹjẹ́ kò yẹ ká tì í, ká gbájú mọ́ èyí tó mọ́?"

"Ọ̀gá, ẹ má tì í. Ẹ gbin tiyín, kí n gbin tèmi, ká gbé méjèèjì fún àwọn àgbẹ̀. Tí èyí tó mọ́ bá ṣì mọ́ lẹ́yìn ọdún méjì, èmi fúnra mi ni màá ti oko mi."

Ó rò ó, ó gbà. Títí dòní mo ń yìn ín fún ìyẹn, nítorí kò pọn dandan kó gbà.

A pín méjèèjì fún àwọn àgbẹ̀ ní Mowe, ní Ìbafo àti lọ́nà Owódé. Lọ́dún àkọ́kọ́, tirẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń yìn. Àwọn àlejò ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi bí ẹni tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn. Ìyá ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ tó ti gbin méjèèjì wò mí lójú, ó ní, "Ọmọ mi, tiyín náà yọmọ o, àmọ́ tọ̀gá yín ló wu ojú." Mo ní mo rí i, Màmá. Mo lọ sídìí oko mi, mo ń bá yíyàn lọ. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo ń wá.

Ọdún tó tẹ̀lé e, òjò kò yé rọ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ìrì ṣì ń kán lára ewé di ọ̀sán. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ewé ìsàlẹ̀ kan lára àgbàdo tó mọ́ náà, mo rí àmì kan, kékeré, ó ti wú. Mo fi ìka nù ún, ìka mi pọ́n. Inú mi kò dùn. Oko àwọn ènìyàn ni, oúnjẹ ilé wọn ni. Mo sáré lọ pe ọ̀gá. Ó ní bóyá erùpẹ̀ ni. Kò pẹ́ kò jìnnà, erùpẹ̀ náà bo oko. Láti ìsàlẹ̀ ló ti gun òkè, ó jó ewé rẹ̀ kọjá ibi tí ọmọ wà, àgbàdo tó wu gbogbo ojú lọ́dún tó kọjá rọ sílẹ̀ láti Mowe dé Ìbafo.

Ìpẹtà kan náà wọ inú tèmi. Ó ta sí ewé ìsàlẹ̀, ó ta sí àárín, ó wá ń rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n di ẹrù wúwo lé lórí. Nígbà tó fi máa débi tí ọmọ wà, ọmọ ti gbó.

Ọ̀gá tuntun wá bá mi lóko lọ́jọ́ tí a ń yà á. Ó bó ọ̀kan, hóró kún un láti ìdí dé orí, ó funfun. Ó bó òmíràn. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Mo kọ́ èyí nínú ìwé," ló wí, "mi ò gbà á gbọ́ ni. Jọ̀wọ́, láti òní lọ, mú mi dání tí o bá ń yàn án. Fi ojú rẹ kọ́ mi." Láti ọjọ́ náà ni àwa méjèèjì ti jọ ń wọ oko kan náà.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni bàbá mi wá sí Mowe fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó wọ agbádá, bí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kó bọ́ ọ kí ìpẹtà má baà pa á láró, ó ní kó pa á. Ó wọ àárín ebè, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ewé kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó bá wa pààlà wá kí i, ó bi í bóyá òun ni bàbá Àǹtí.

"Èmi ni."

"Ẹ kú ọmọ o. Èmi ti kó tèmi wọlé. Àká mi kò gbà á."

Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bó àgbàdo kan, ó wo hóró rẹ̀ pẹ́, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá ní kí n dúró sójú kan, ó gbé ọwọ́ tí ìpẹtà ti pa láró náà lé mi lórí, ó súre fún mi ní ohùn jẹ́jẹ́ tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Mi ò ní kọ ọ̀rọ̀ náà síbí. Tèmi ni.

Nígbà tí irúgbìn pọ̀ tó láti pín káàkiri, wọ́n pe àwọn àgbẹ̀ jọ sí Owódé, sí iwájú ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn kan wá láti Ọ̀fádà, àwọn kan láti Ìbafo, ọkọ̀ kan tilẹ̀ kún wá láti Ìfọ̀. Ọ̀gá tuntun ló yẹ kó sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó kí wọn, ó wá ní ẹni tó ni iṣẹ́ ni kó sọ ọ́, ó sì pè mí síwájú.

Ọkùnrin kan láti Ìfọ̀ bi mí pé, "Àǹtí, ṣé kò ní sí àmì ìpẹtà kankan lára rẹ̀?"

Ojú gbogbo wọn wà lára mi. "Àmì máa wà, sà. Ẹ máa rí i lọ́dọọdún. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀, ẹ má sì fà á tu. Ẹ dúró dé ìkórè."

Wọ́n ń kùn. Ìyá mi ti Mowe, ẹni tó fún mi ní igun oko rẹ̀, dìde láàárín wọn, ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Mo ti gbìn ín. Mo ti fi ṣe ògì. Ẹ̀kọ rẹ̀ dì, kò ṣe omi, ó sì funfun. Ẹ̀yin ń bèèrè ewé, ṣé ewé lẹ fẹ́ jẹ ni?" Ẹ̀rín sọ. Àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ tò síwájú, àwọn ọkùnrin tẹ̀lé wọn.

Mo ń fi kọ́ńgò wọn irúgbìn sínú ohun tí kálukú mú wá, ìgò, àpò, ìṣẹ́po ìró. Ẹni tó bá gbà á a ní, "Ẹ ṣé o, Àǹtí," èmi náà a ní kí ó yẹ wọ́n. Kó tó di pé oòrùn wọ̀, ó ti tán, àwọn tí kò rí gbà sì ti ń bá àwọn tó rí gbà sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n rántí àwọn nígbà ìkórè. Mo gun ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù wa, mo jókòó lé àwọn àpò òfìfo lórí, a ń padà lọ sí Mowe nínú atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́, orí mi sì wú.